Báwo Ni Ọ̀rá Tó Ń Dí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Lè Tún Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ṣe?

Ní ìpàdé ẹbí wa kan ní Ìsánlú, bàbá wa kan tí dókítà ti gé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wọn méjì nítorí ìtọ̀ ṣúgà na fóònù wọn sí mi pé kí n ka ohun tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Àbújá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń mú sẹ́ẹ̀lì láti inú ọ̀rá ikùn ènìyàn, wọ́n ń tún un kọ́ ní iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì fẹ́ máa fi ṣe àtúnṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún mi pé ọ̀rá ló ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń dí ọ̀nà yóò ṣe wá di ẹni tó ń la ọ̀nà?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, síbẹ̀ n kò rí ìdáhùn kúkúrú fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn gígùn ni mo kọ síhìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dà wá láàmú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun méjì. Ọ̀rá tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rá ikùn tó gbéra tó lọ jókòó sínú iṣan. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, ni ó máa ń yọ́ wọ inú ògiri iṣan níbi tí awọ inú rẹ̀ bá ti fara pa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara yóò tẹ̀lé e lọ síbẹ̀ láti gbé e mì, wọn yóò gbé e mì kọjá agbára wọn, wọn yóò kú síbẹ̀, àpá yóò hù bò wọ́n, nígbà tó bá sì pẹ́, ibẹ̀ yóò le bí ẹ̀fun. Nítorí náà ọ̀rá nìkan kọ́ ló dí ọ̀nà, òkú sẹ́ẹ̀lì àti àpá wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rá abẹ́ awọ ní tirẹ̀ jẹ́ ẹran ara tó wà láàyè, tó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tirẹ̀, tó sì ní oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé inú rẹ̀. Òun ni àwọn onímọ̀ ń wá nǹkan lọ sínú rẹ̀, kì í sì í ṣe òróró inú rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ "iṣan" náà ní wàhálà tirẹ̀, nítorí orúkọ kan náà ni a fi ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó so ẹran mọ́ eegun, àti èyí tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀yà ara. Ti ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo ń sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó jáde láti inú ọkàn, fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5. Èyí tó kéré jù kò fẹ̀ ju ohun tí sẹ́ẹ̀lì pupa kan lè fún ara rẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì pupa náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí mílímítà 0.008 lọ. Àwọn iṣan tín-ínrín wọ̀nyí ló ń bọ́ wa, nítorí pé ẹran ara tó bá fi ju mílímítà 0.1 sí 0.2 jìnnà sí wọn kì í sábà rí ọ́síjìn tó láti wà láàyè. Bí wọ́n bá parun ní ẹsẹ̀, egbò kékeré tí bàtà dá sílẹ̀ kò ní jinná, bó ti wù kí wọ́n fi oògùn sí i tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kò dà bí páìpù omi. Awọ kan tí ó nípọn tó sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan péré ni a fi tẹ́ inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, awọ yìí sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí kò yẹ kó dì. Òun náà ló ń tú èròjà kan tí ń jẹ́ nitric oxide jáde láti sọ fún ògiri iṣan pé kí ó dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè kọjá. Iṣẹ́ tí a fi mọ èyí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad ní ọdún 1998. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti èéfín sìgá, awọ inú yìí ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá sọ pé àwọn fẹ́ tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe, sẹ́ẹ̀lì awọ inú yìí ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohun tí wọn yóò fi lẹ páìpù tó ń jò.

Ara ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà Kàbbà sí Lọ́kọ́ja mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí tírélà tó kó sìmẹ́ńtì láti Ọbájànà bá ṣubú dábùú ọ̀nà: àwọn awakọ̀ tó mọ ilẹ̀ yóò yà sínú ìgbẹ́, wọn yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, bí tírélà náà bá sì pẹ́ níbẹ̀, ọ̀nà ẹ̀bùrú yóò fẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹran ara tí ebi ọ́síjìn ń pa ṣe ń ké jáde. Ó ń tú purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní VEGF síta, sẹ́ẹ̀lì awọ inú iṣan tó wà nítòsí yóò gbọ́, yóò hu ẹ̀ka tuntun síhà ibi tí igbe ti wá. Ṣùgbọ́n ní ara arúgbó àti ní ara ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá jà tipẹ́, igbe náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dún, àwọn tó yẹ kó jẹ́ ipè sì ti rẹ̀.

Dókítà lè la ọ̀nà ńlá mìíràn. René Favaloro, ọmọ Argentina tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi iṣan tí ó yọ láti ẹsẹ̀ aláìsàn ṣe ọ̀nà àbùjá sí ọkàn ní ọdún 1967, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Àìsàn kan náà sábà máa ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú, èyí tí a sì fi rọ́bà ṣe kì í pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀ bí kò bá fẹ̀ tó mílímítà 6, nítorí kò ní awọ inú tó wà láàyè. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń wá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lè fi tẹ́ inú páìpù bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n lè gún sínú ẹsẹ̀ kí ó lọ la ọ̀nà ẹ̀bùrú fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rá ti wọlé. Ní ọdún 2001, Patricia Zuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé nínú ọ̀rá tí àwọn dókítà fi ẹ̀rọ fà jáde lára ènìyàn, èyí tí wọ́n sábà ń dà nù tẹ́lẹ̀, àwọn rí sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ kan pàtó, tí a lè darí kí ó di eegun, kèrékèré tàbí ọ̀rá. Stem cell ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀; sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ni èmi yóò máa pè é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ kò ṣòro láti lóye fún ìyá tó bá ti fún epo pupa rí. Wọn yóò fi ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ collagenase tú ọ̀rá náà palẹ̀, wọn yóò fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá, òróró yóò lé sókè, ohun tó wúwo yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Bí wọ́n bá dà á sínú abọ́ oníke pẹ̀lú oúnjẹ tó yẹ, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́ tó sì ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń fẹ́.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo fẹ́ kí bàbá wa gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀rá, ẹ̀bá iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ wọ̀nyí ń gbé. Wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lára bí ìtàkùn ṣe ń rọ̀ mọ́ igi. Aládùúgbò iṣan ni wọ́n láti ilẹ̀ wá. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó dí ọ̀nà ni a pè kó wá la ọ̀nà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àtúnkọ́. Ẹ jẹ́ kí a lọ sídìí òfì àwọn ìyá wa ní Ògìdì àti ní Bùnú. Gbogbo òwú ni ìyá ti ta sórí òfì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí hun. Pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, funfun wà níbẹ̀. Èyí tó bá gbé sókè ni ojú aṣọ yóò fi hàn, èyí tó bá tẹ̀ sísàlẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì rí. Nǹkan bí 20,000 jíìnì tó ń ṣe purotéènì, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì, ni ènìyàn ní, gbogbo rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ti awọ àti ti ọ̀rá sì gbé dání bákan náà. (Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn díẹ̀ tó ti da ẹrù tirẹ̀ nù; ó ṣe é kí ó lè ráyè gbé ọ́síjìn.) Ohun tó mú kí ẹ̀dọ̀ jẹ́ ẹ̀dọ̀ kò ju pé ó gbé àwọn jíìnì kan sókè, ó sì tẹ àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Àtúnkọ́ sẹ́ẹ̀lì ni kí a yí ọwọ́ ahunṣọ padà láìyí òwú.

Kò rọrùn fún àwọn onímọ̀ láti gbà pé èyí lè ṣeé ṣe. Ní ọdún 1962 ni John Gurdon fi hàn ní Oxford pé bí a bá mú ọkàn sẹ́ẹ̀lì (nucleus, àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà) láti inú ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí a sì fi sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ tí a ti yọ tirẹ̀ kúrò, odidi ọ̀pọ̀lọ́ lè ti inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1987, Harold Weintraub àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo jíìnì kan ṣoṣo, MyoD, láti sọ sẹ́ẹ̀lì ẹran àsopọ̀ lásán di sẹ́ẹ̀lì ẹran tó ń sún kì. Lẹ́yìn náà ni Shinya Yamanaka ní Kyoto lo mẹ́rin, Oct3/4, Sox2, Klf4 àti c-Myc, ní ọdún 2006 láti dá sẹ́ẹ̀lì awọ ara eku padà sí bí ó ti rí kí ó tó yan iṣẹ́ kankan, ó sì ṣe irú rẹ̀ sí ti ènìyàn ní ọdún 2007. Òun àti Gurdon ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2012.

Ọ̀nà méjì ló wá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ohun kẹta kan sì wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní àtúnkọ́ tí kì í ṣe òun. Ọ̀nà kìíní ni ti Yamanaka: kí a dá sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá padà di ìkókó pátápátá, kí a sì tún un tọ́ títí yóò fi di sẹ́ẹ̀lì awọ inú iṣan. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Stanford ròyìn pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú ọ̀rá ènìyàn gba irú ìdápadà bẹ́ẹ̀ yá ju sẹ́ẹ̀lì awọ lọ ní ìlọ́po méjì, ó sì ṣàṣeyọrí jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 20. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó lè di ohunkóhun lè di ohun tí a kò fẹ́. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù tí kò dàgbà, ó lè di kókó tí irun, eyín àti eegun lè wà nínú rẹ̀ pọ̀. C-Myc fúnra rẹ̀ sì jẹ́ jíìnì tí a mọ̀ mọ́ àrùn jẹjẹrẹ.

Ọ̀nà kejì ni kí gbẹ́nàgbẹ́nà di bíríkìlà láìkọ́kọ́ padà di ìkókó. ETV2 ni jíìnì tí wọ́n ń dárúkọ jù níbẹ̀. Nínú ọlẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ péré ni ETV2 máa ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí ara ń dá iṣan ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a dákẹ́. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Japan fi hàn pé bí a bá jí i nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara àgbàlagbà, sẹ́ẹ̀lì náà lè di ti awọ inú iṣan. Ní ọdún 2017, àwọn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio gbé àwo pẹlẹbẹ kékeré kan lé awọ eku tí wọ́n ti gé iṣan ńlá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ ti jíìnì mẹ́ta, Etv2, Foxc2 àti Fli1, wọ inú awọ náà, ẹ̀jẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn dé ẹsẹ̀. Awọ ni wọ́n lò níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá, ẹsẹ̀ eku sì kéré gan-an sí ẹsẹ̀ bàbá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ máa ń dé orí fóònù wa láìsí eku nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun kẹta ni kí a kàn da VEGF àti àwọn èròjà amúdàgbà mìíràn lé sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ lórí nínú abọ́, kí a máa tì í síhà iṣẹ́ tí ó lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ìtọ́sọ́nà nìyẹn, kì í ṣe àtúnkọ́. Bí ẹ bá ka àkọlé kan tó pe méjèèjì ní ohun kan náà, ẹ béèrè pé ta ni ó gbé òwú sókè: ṣé jíìnì tí a fi sí i ni, àbí oúnjẹ tí a fún un?

Ọ̀nà tí a ń gbà fi jíìnì náà ránṣẹ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ ni wọ́n ń lò, irú àwọn kan nínú rẹ̀ a sì máa rán òwú tuntun mọ́ aṣọ láìbéèrè ibi tó yẹ. Bí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì tí kò yẹ kó jí, wàhálà dé. Nítorí èyí ni púpọ̀ nínú wọn fi yí sí mRNA, ìwé àṣẹ ráńpẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì yóò kà, tí yóò ṣiṣẹ́ lé lórí, tí yóò sì ya dànù láìkan òwú ìpilẹ̀. Katalin Karikó àti Drew Weissman, tí iṣẹ́ wọn mú kí irú mRNA bẹ́ẹ̀ ṣeé lò nínú ara, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2023. Irú èyí kan náà ló wà nínú díẹ̀ lára abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòfíìdì.

Àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn onímọ̀ fúnra wọn kì í sábà dé etí wa, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi òun ló dùn jù. Ìgbà tí a bá gún sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ inú ọ̀rá tí a kò tún kọ́ sínú ẹsẹ̀ tí kò rí ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ nínú wọn máa ń kú láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ nínú ara eku, ẹsẹ̀ a máa sàn díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kú, ta ló ṣe iṣẹ́? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ti gbà ni pé kì í ṣe pé wọ́n di iṣan ni. Wọ́n tú VEGF àti àwọn purotéènì mìíràn jáde kí wọ́n tó lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì onílé ló gbọ́, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Arnold Caplan, ọkùnrin tó fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é, fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 2017 pé kí a pa orúkọ náà tì, pé oníṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn kiri ni wọ́n, kì í ṣe bíríkìlà. Èyí gan-an ló mú kí àtúnkọ́ ṣe pàtàkì. Bí a bá fẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó máa jókòó sínú ògiri tí yóò sì di ara ilé, a kò lè rán oníṣẹ́ lásán lọ; a ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọmọ ilé.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ dé lónìí? Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn kan tí a fi sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ṣe ní ọdún 2018, darvadstrocel, fún ihò tí àrùn Crohn, àìsàn ìfun kan, máa ń dá sí ẹ̀bá ìdí, kì í ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí àyẹ̀wò tó tóbi jù kò fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́jà ibẹ̀ ní ọdún 2024. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Symvess, iṣan kan tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn hun nínú láàbù, tí wọ́n wá fọ sẹ́ẹ̀lì náà kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè wọ ara ẹnikẹ́ni, fún ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ já nínú ìjàǹbá. Sẹ́ẹ̀lì ògiri iṣan olùtọrẹ ni wọ́n lò, kì í ṣe ti ọ̀rá. Iṣan tí a fi sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tí a tún kọ́ ṣe ṣì wà nínú abọ́ àti nínú ara ẹranko.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tà á fún yín lónìí kò ta ohun tí mo ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí wa ra ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ "stem cell" sí lára, owó tí ó ná tó owó àpò ìrẹsì kan. Sẹ́ẹ̀lì alààyè kò lè gbé inú ìyẹ̀fun gbígbẹ, bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ikùn yóò dà á bí ó ṣe ń da ẹran jíjẹ. Abẹ́rẹ́ tún léwu ju ìyẹ̀fun lọ. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn obìnrin àgbàlagbà mẹ́ta tí ilé ìtọ́jú kan ní Florida gún sẹ́ẹ̀lì láti inú ọ̀rá ara wọn sí ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà; ìríran wọn bàjẹ́ gidigidi, ọ̀kan fọ́ pátápátá. "Láti inú ara yín ni ó ti wá, kò lè pa yín lára" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tà á, ọ̀rọ̀ náà kò sì tọ́.

Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó bàbá ni kí dókítà fọwọ́ kan òkè ẹsẹ̀ wọn láti mọ̀ bóyá iṣan ń lù, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n sì fi ti apá pín in. Bí ohun tó jáde bá kéré ju 0.9, ọ̀nà ti ń fún. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nílò ìṣọ́ra síi níbẹ̀, nítorí iṣan tó ti le bí ẹ̀fun kì í tẹ̀, ó sì lè mú kí nọ́ńbà náà dára ju bó ti yẹ lọ.

Mo padà lọ sí Ìsánlú mo sì ro gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá fọwọ́ gbá ikùn wọn, wọ́n ní: "Àká nìyí nígbà náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé kí n fọn mọ́." Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, bàbá. Ẹni tó tín-ínrín pàápàá ní ọ̀rá tó tó fún láàbù, bẹ́ẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti ara ẹni tó sanra jù tàbí tí ṣúgà ti bá jà pẹ́ máa ń lọ́ra láti pọ̀ sí i, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ la ọ̀nà dáadáa. Wọ́n tún wo ikùn náà, wọ́n ní kí n bá wọn pe ọmọ wọn ní Àbújá.